Fídíò tí ó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin: ìdáhùn fún olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta. A ní gbọ̀ngàn ńlá ní Òkè-Ìléwó, a sì ní òmíràn ní Ìdí-Aba. Rédíò orí òrùlé ni ó so méjèèjì pọ̀, ráútà kan sì wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n 20 wà ní Òkè-Ìléwó, 24 wà ní Ìdí-Aba, àpótí kékeré tí ń gba fídíò sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni fídíò ìsìn wa, rédíò wa kò sì lè gbé ju 90 lọ. Wọ́n ní kí n lo multicast, ọ̀nà tí ẹ̀dà fídíò kan ṣoṣo fi ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, mo sì lo àdírẹ́sì 239.10.10.10. Ní Òkè-Ìléwó, àwòrán jáde dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ àwọn tẹlifíṣọ̀n dúró, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí mo ṣe tàn wọ́n. Bí mo bá pa ọ̀kan tí mo sì tún un tàn, yóò tún ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn. Ní Ìdí-Aba, kò dé rárá. Ṣé ráútà tuntun ni kí a rà? Ṣé àwọn ọmọ ìjọ tí ó wà nílé lè fi fóònù wò ó lọ́nà yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé gbólóhùn tí ẹ kọ pé àwọn tẹlifíṣọ̀n náà ń dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe tàn wọ́n tẹ̀léra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín tán. Ẹ má tíì ra ráútà kankan. Ìṣirò tí ó gbé yín dé ìdí multicast tọ̀nà: bí tẹlifíṣọ̀n 24 bá ń gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́gábíìtì 120 ni yóò fẹ́ gba orí rédíò tí agbára rẹ̀ kò ju 90 lọ kọjá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo, 5 péré, ni ó yẹ kí ó kọjá. Ohun tí ó ń da yín lọ́kàn rú ni pé ẹ rò pé ohun tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, àti pé bí ó bá dúró, nǹkan kan ni ó bàjẹ́. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ohun kan ni kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àìsí rẹ̀ kì í sì í hàn títí ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò fi pé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú èrò kan palẹ̀ tí mo máa ń bá lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà tí ń fi fídíò ránṣẹ́ ni ó mọ àwọn tí yóò gbà á, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí wọn. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ ẹnì kankan. Ó kàn ń fi pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí a gé fídíò sí, ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni, ìbáà jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wò ó, ìbáà sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wò ó. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ rán ọmọ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ọ̀nà ẹ̀dà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí akéde bá lu agogo yí gbogbo àdúgbò ká, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn àti ẹni tí kò kàn ni yóò gbọ́, olóorun yóò sì jí. Multicast kò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún olórí àdúgbò rẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Olórí àdúgbò yóò sọ fún ẹni tí ó wà lókè rẹ̀, títí ìbéèrè náà yóò fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Nígbà náà ni ìrànṣẹ́ kan ṣoṣo yóò jáde, tí wọn yóò sì ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà ní oríta tí àwọn tí ń retí rẹ̀ bá wà ní apá méjèèjì, kì í ṣe kí wọ́n tó dé oríta. Ìbéèrè ni ó ń la ọ̀nà. Fídíò kàn ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà wá ni. Níbi tí ìbéèrè bá ti já, ibẹ̀ ni fídíò yóò ti já, gbogbo ìṣòro tí ẹ kọ sí mi kò sì ju ibi tí ìbéèrè ti já lọ.

Steve Deering ni ó ṣe iṣẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀nà yìí nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí ó kọ, RFC 1112, sì jáde ní ọdún 1989. Láti ìgbà náà ni a ti ya àwọn àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 224 títí dé 239 sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ kan ni 239.10.10.10 tí ẹ yàn; orúkọ ẹgbẹ́ ni, ẹ sì yàn án dáadáa, nítorí pé àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239 ni a fi sílẹ̀ fún lílò nínú ilé oní-nǹkan. Ẹ kàn má ṣe yà sí 224.0.0 ohunkóhun, torí pé ráútà kì í gbé ìyẹn kọjá láéláé. Ẹ má sì lo 239.128.0 pẹ̀lú, nítorí pé bíìtì 23 péré nínú àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni ó ń wọ inú àdírẹ́sì tí súwíìṣì, ẹ̀rọ tí wáyà àwọn àpótí yín kó sí, ń kà. Lójú súwíìṣì, 239.128.0.1 àti 224.0.0.1 kò yàtọ̀ síra, ìyẹn sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà tí wọn kò mọ orísun rẹ̀.

Ó wá kan ìṣẹ́jú mẹ́rin yín. Nígbà tí ẹ bá tan àpótí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, yóò fi èdè tí a ń pè ní IGMP kéde pé òun fẹ́ 239.10.10.10. Súwíìṣì yín ń tẹ́tí sí ìkéde yìí, iṣẹ́ tí ẹ ó rí ní ojú ìṣètò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ IGMP snooping, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ihò báyìí ni ó fẹ́ fídíò. Ṣùgbọ́n súwíìṣì kò lè gbà pé ẹni tí ó fẹ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa fẹ́ ẹ títí ayé, nítorí pé ẹnìkan lè fa wáyà yọ láìdágbére. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa bèèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, «Ta ni ó ṣì fẹ́ ẹ?», kí àwọn àpótí sì máa dáhùn. Èdè àwọn oníṣẹ́ fún ẹ̀rọ yìí ni querier; olùbéèrè ni n ó máa pè é. Bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú-àáyá 125 ni ó fi ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan, bí ìbéèrè méjì bá sì kọjá láìsí ìdáhùn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 10 lórí rẹ̀, a ó pa orúkọ ẹni náà rẹ́. Ẹ ro ó pọ̀: 125 lọ́nà méjì, àti 10, ó jẹ́ 260, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò ní olùbéèrè kankan. Àpótí kọ̀ọ̀kan sọ ti ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ tàn án, kò sí ẹni tí ó tún bi í, òun náà kò sì tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí 260 pé, súwíìṣì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe tàn wọ́n, tí títún un tàn sì ń fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ súwíìṣì tí ó mọ ìtẹ́tísí IGMP ni ó tún lè ṣe olùbéèrè fúnra rẹ̀; ẹ ó fún un ní àdírẹ́sì IP, ẹ ó sì tan iṣẹ́ náà lórí VLAN, ìyẹn ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí fídíò wà. Bí ráútà yín bá mọ multicast, òun ni ó tilẹ̀ yẹ kí ó máa bèèrè. Bí méjì bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kò sí ìjà: èyí tí nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ kéré jù ni yóò máa bèèrè, èkejì yóò dákẹ́ títí èyí yóò fi kú. Ohun kan tí mo rọ̀ yín gidigidi ni pé kí ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yìí ka orí súwíìṣì tí ó wà ní yàrá tí iná ọba nìkan ń gbé. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbé gbọ̀ngàn ṣùgbọ́n tí kò gbé yàrá yẹn, fídíò yóò ṣì máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo ènìyàn yóò rò pé kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni àwọn tẹlifíṣọ̀n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ìwàásù, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí iná tí ó lọ. Súwíìṣì tí ínfátà ń gbé ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ kàn pa ìtẹ́tísí IGMP náà, kí ẹ sì sinmi. Òótọ́ ni pé fídíò kò ní dúró mọ́, nítorí pé súwíìṣì yóò máa da á sí gbogbo ojú ihò bí akéde. Ṣùgbọ́n yóò dé kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó, yóò dé kámẹ́rà ẹnu-ọ̀nà, yóò sì dé Wi-Fi, ibi tí yóò ti ṣe ìpalára jù lọ. Ní àkókò tí ẹ bá fẹ́ fi ìkànnì fídíò kejì tàbí ìkẹta kún un, ẹ ó rí ohun tí mo ń sọ. Mo lè gbà á fún ìdánwò ọjọ́ kan, n kò lè gbà á fún ìjọsìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ti Ìdí-Aba jinlẹ̀ ju èyí lọ, ìdí méjì ni mo sì fura sí. Àkọ́kọ́ kéré: pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí ó lè gba inú ráútà kọjá, tí a ń pè ní TTL, ráútà kọ̀ọ̀kan sì ń yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò tí ń fi multicast ránṣẹ́ ni ó ń fi TTL sí 1, kí fídíò má baà ṣìnà jáde kúrò nínú ilé, nítorí náà ráútà àkọ́kọ́ ni yóò pa á. Ráútà méjì ni ó wà lọ́nà yín. Ẹ sọ ọ́ di 8, ó tó. Ìkejì ni pé ìbéèrè àwọn àpótí Ìdí-Aba kò kọjá ráútà tiwọn. Láàárín àwọn àpótí àti ráútà tí ó sún mọ́ wọn nìkan ni IGMP ti ń ṣiṣẹ́. Láti ráútà kan sí òmíràn, èdè mìíràn ni a nílò, èdè náà ni ìlànà ìdarí multicast, èyí tí ó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn lónìí ni PIM.

Bí àwọn ìlànà wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi rí bí wọ́n ṣe rí. DVMRP, tí a kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, gba ọ̀nà ìtúdànù: ráútà yóò da fídíò sí gbogbo ọ̀nà, àwọn tí kò fẹ́ ẹ ni yóò wá sọ pé kí a gé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Irú PIM tí a ń pè ní dense mode ń ṣe bákan náà, ní ìlànà ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, gígé náà kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó tún da á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́ fídíò, kò burú. Fún ẹni tí rédíò tóóró so pọ̀, n kò fọwọ́ sí i. Irú PIM kejì, sparse mode, tí ìlànà rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ jẹ́ RFC 7761 ti ọdún 2016, yí ọ̀rọ̀ náà padà: kò sí ẹni tí yóò rí nǹkan gbà àfi ẹni tí ó bèèrè. Ṣùgbọ́n báwo ni ráútà Ìdí-Aba yóò ṣe mọ ibi tí yóò fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí, nígbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà tí ń fi fídíò ránṣẹ́? A ó yan ráútà kan ní ibi ìpàdé, RP ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè yóò lọ bá RP. Ráútà tí ó sún mọ́ orísun fídíò yóò di pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní ìdì, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí RP náà. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé. Lẹ́yìn tí ráútà ìpẹ̀kun bá ti rí ojú orísun náà lára pákẹ́ẹ̀tì, ó lè fi RP sílẹ̀ kí ó sì bèèrè tààrà lọ́wọ́ orísun, bí ọ̀nà ibẹ̀ bá kúrú jù. Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín, ẹ fi RP sí ráútà Òkè-Ìléwó, nítorí pé ibẹ̀ ni fídíò ti ń jáde, kò sì ní sí ìyípo kankan.

PIM kì í ya àwòrán ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà tí ráútà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún àwọn pákẹ́ẹ̀tì lásán ni ó ń wò, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ orísun yìí, ẹnu-ọ̀nà wo ni mo máa gbà? Ẹnu-ọ̀nà yẹn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ti gba fídíò. Èyí tí ó bá gba ẹnu-ọ̀nà mìíràn wọlé, yóò sọ ọ́ nù. Àyẹ̀wò yìí, RPF, ni kì í jẹ́ kí fídíò máa yí po bí ẹni tí ó ṣìnà, ṣùgbọ́n òun náà ni ó fi mí sí oko wàhálà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí. Wọ́n ní rédíò bíi tiyín, wọ́n sì ní ọ̀nà kejì tí wọ́n yá fún ìgbà ìṣòro. Ẹnìkan yí ọ̀nà padà sí èyí tí wọ́n yá, íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ, fóònù orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dún, fídíò nìkan ni kò dé. Odidi òru méjì ni mo fi ń tú àwọn àpótí tẹlifíṣọ̀n wò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè wọn ń gba ọ̀nà kejì lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti tan PIM, ó sì ń kú síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ní ọ̀nà méjì, orí méjèèjì ni mo máa ń tan PIM sí, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bèèrè lọ́wọ́ ráútà ni ọ̀nà tí ó mọ̀ padà sọ́dọ̀ orísun.

Ẹ ní ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ lè tọ̀, n ó sì sọ èrò mi lórí wọn bí ó ṣe rí lọ́kàn mi. Bí ráútà yín méjèèjì bá mọ PIM, sparse mode tí mo ṣàlàyé yìí yóò ṣiṣẹ́. Bí àwọn àpótí yín bá sì gbọ́ IGMP ẹ̀yà kẹta, ti ọdún 2002, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àpótí lè dárúkọ orísun àti ẹgbẹ́ pọ̀ nínú ìbéèrè rẹ̀, ẹ kò sì ní nílò RP. Ẹ ó kàn yí àdírẹ́sì padà sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 232. Ìkejì ni IGMP proxy, níbi tí ráútà yóò ti máa gba ìbéèrè àwọn ẹni rẹ̀, tí yóò sì máa bèèrè lórúkọ wọn lọ́wọ́ ẹni òkè rẹ̀. Kò gbọ́n tó PIM, kò sì bá ibi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì mu, ṣùgbọ́n ọ̀nà yín tọ́ ganrangan, ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú sì ní in. Ìkẹta kì í ṣe multicast rárá: ẹ gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sí Ìdí-Aba, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i lórí rédíò pẹ̀lú ìlànà tí ń tún ohun tí ó bọ́ sọnù fi ránṣẹ́, bíi SRT, kí òun sì pín in fún àwọn tẹlifíṣọ̀n 24 lórí wáyà ibẹ̀. Mẹ́gábíìtì 120 kì í ṣe ìṣòro fún súwíìṣì tí ó ń gbé 1,000. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni oníṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dípò yín ní ọjọ́ tí ẹ kò bá sí nílé, èyí ni èmi yóò yàn, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn PIM.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé multicast ní àléébù tí ìṣètò dáadáa kò lè wò. Orí UDP, ìlànà ìfiránṣẹ́ tí kì í bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ dé, ni ó ń rìn: bí pákẹ́ẹ̀tì bá bọ́ sọnù, kò sí ẹni tí yóò tún un fi ránṣẹ́, àwòrán yóò sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Lórí wáyà, èyí ṣọ̀wọ́n. Lórí Wi-Fi, ó burú gidi, torí pé Wi-Fi ń fi multicast ránṣẹ́ ní ìyára tí ó lọ sílẹ̀ jù lọ kí gbogbo ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ, kì í sì í dúró gba ìdáhùn pé ó dé. Ìyára yẹn lè jẹ́ mẹ́gábíìtì 1 péré. Fídíò 5 kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn rédíò orí òrùlé mìíràn náà ní irú ìwà yìí, nítorí náà ẹ wo ìṣètò tiyín bóyá ó ní ibi tí a ti ń yí ìyára multicast padà. N kò rí rédíò yín, n kò sì lè ṣèlérí ohun tí yóò ṣe. Fáìbà ì bá dára jù, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlú tí ó jókòó sórí àpáta.

Ti àwọn ọmọ ìjọ tí ó wà nílé kò ṣeé ṣe lọ́nà yìí. Ìbéèrè fóònù wọn yóò dé ẹnu ibodè ilé-iṣẹ́ tí ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ rí: ní oṣù Kẹta ọdún 1992 ni wọ́n fi multicast gbé ohùn ìpàdé IETF, ẹgbẹ́ tí ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ní San Diego jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti inú rẹ̀ sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n pè ní MBone ti jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ráútà tí ó wà lọ́nà ni ó gbọ́dọ̀ rántí gbogbo ẹgbẹ́ tí ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kò sí ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ ẹni tí yóò san owó, ẹnikẹ́ni sì lè da ẹrù sórí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Inú ilé ẹni tí ó ni gbogbo ráútà ni ọ̀nà yìí ti gbèrú: àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta tẹlifíṣọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà tiwọn, àti àwọn ọjà ìpín-ìdókòwò tí ń fi iye owó ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ oníṣòwò lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àwọn tí ó wà ní Ìbarà tàbí Lọ́ńdọ́nù, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí YouTube tàbí Facebook, kí wọ́n máa wò ó níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹ kọ́kọ́ tan olùbéèrè ní Òkè-Ìléwó nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n kan ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ìdánwò tí kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí TTL padà, kí ẹ tan PIM tàbí proxy lórí ráútà méjèèjì, kí ẹ sì fún Ìdí-Aba náà ní olùbéèrè tirẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n 24 ibẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo iye tí rédíò ń gbé: 5 àti díẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí 120, ẹ̀dà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà yín ṣì ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa gbogbo tẹlifíṣọ̀n Ìdí-Aba, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tún wo rédíò náà. Bí 5 yẹn bá ṣì ń kọjá, ẹ̀rọ kan ṣì wà níbẹ̀ tí ń bèèrè, tàbí ẹnìkan ti kọ ẹgbẹ́ náà mọ́ ojú ráútà tipátipá. Ẹ wá a rí kí ọjọ́ Àìkú tó dé.